Ṣé Òkúta Inú Òṣùpá Ni Bàbá Wa Fi Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Olókùúta. Nígbà tí bàbá wa kú, a bá òkúta pupa kan tó tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé nínú àpótí onígíláàsì rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ló fi ta á lọ́rẹ. Káàdì tó wà lára rẹ̀ kà báyìí pé: “Ìrántí ọjọ́ tí ènìyàn dé òṣùpá, 1969.” Gbogbo àlejò ni Bàbá máa ń sọ fún pé láti inú òṣùpá ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń wá ẹni tó máa rà á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ayédèrú ni, pé ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Nẹ́dálándì náà ti já sí irọ́, àti pé kò tiẹ̀ sẹ́ni tó dé òṣùpá rí. Ta ló jàre nínú wọn? — *Àbíkẹ́yìn*

ÌDÁHÙN: Àbíkẹ́yìn, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Kò sẹ́ni tó jàre tán nínú àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ Nẹ́dálándì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jọ tiyín jù.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, Armstrong, Collins àti Aldrin, àwọn mẹ́ta tó rin ìrìn-àjò Apollo 11 tó kọ́kọ́ gbé ènìyàn dé òṣùpá, ṣe àbẹ̀wò sí ìlú Amsterdam ní Nẹ́dálándì. Lásìkò náà, Middendorf tó jẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà níbẹ̀ fún Willem Drees ní òkúta kan. Drees ti ṣe olórí ìjọba rí, àmọ́ ó ti kúrò lórí oyè láti ọdún 1958. Lẹ́yìn tó kú lọ́dún 1988, òkúta náà dé Rijksmuseum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ń sọ, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ fún aráyé lọ́dún 2006. Ọdún 2009 ni àyẹ̀wò wá fi hàn pé igi ni, igi tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ títí tó fi di òkúta. Pupa lòun náà.

Káàdì ara rẹ̀ ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dárúkọ aṣojú, ó dárúkọ àwọn mẹ́ta tó wá, ó kọ ọjọ́ tí wọ́n wá. Kò sọ níbì kankan pé inú òṣùpá ni òkúta ti wá. Ẹnu àwọn tó ń kà á ló fi ìyẹn kún un. Ẹ wá wo tiyín: “Ìrántí” ni wọ́n kọ. Ẹni tó fún Bàbá lẹ́bùn lè má parọ́ rárá. Ó fún un ní ohun ìrántí, Bàbá sì gbọ́ ọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́.

Ẹ̀bùn tòótọ́ kì í tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé. Èyí tí Nixon, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fún àwọn orílẹ̀-èdè 135 láti inú ẹrù Apollo 11 kò ju ègé mẹ́rin tín-ín-tín lọ, tí gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.05. Wọ́n há a sínú ike tó mọ́ gaara, wọ́n kàn án mọ́ pátákó pẹ̀lú àsíá orílẹ̀-èdè náà. Ti Apollo 17 tó tẹ̀ lé e jẹ́ bíi gíráàmù kan, nínú ike roboto. Lára pátákó ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn *ènìyàn* orílẹ̀-èdè báyìí ni wọ́n fún. Kì í ṣe ẹ̀bùn tí ọ̀gá ń fi ta ọmọ iṣẹ́ lọ́rẹ.

Kí ẹ̀gbọ́n obìnrin má tíì yọ̀ o. Pé òkúta kan jẹ́ ayédèrú l'Amsterdam kò sọ kílò 382 tí àwọn ìrìn-àjò Apollo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó bọ̀ di irọ́. Ọdún 1970 ni Rọ́ṣíà, tó ń bá Amẹ́ríkà du ipò kíkankíkan, fi ẹ̀rọ tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ bu gíráàmù 101 wá, irú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Bí Amẹ́ríkà bá parọ́ ni, ta ni ì bá kọ́kọ́ pariwo?

Ó wá ku òkúta fúnra rẹ̀. Àwọ̀ pupa yẹn kò dùn mọ́ mi. Omi àti afẹ́fẹ́ ló sábà ń sọ irin inú òkúta di pupa, òṣùpá kò sì ní èyíkéyìí tó tó nǹkan. Ẹ fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó lójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ìlà tó tò lé ara wọn bíi ti inú igi, tàbí ohun pẹlẹbẹ tó ń dán tó ṣeé fi èékánná ṣí, ayé níbí ló ti wá. Ẹ kán fínígà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá hó, ayé náà ni. Bí kò bá hó, ẹ má tíì jó o, òkúta ayé tí kì í hó pọ̀ lọ jàra. Ọkùnrin kan gbé dúdú kan wá bá mi ní láàbù nígbà kan, ó fi áńkáṣíìfù funfun wé e bí ọmọ tuntun. Ìdàrọ́ irin ni! Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ńkọ́? Kó dáwọ́ dúró kíá. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ohun tí Apollo kó bọ̀, àyàfi èyí tí wọ́n ti fún àwọn orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 1998, ẹnì kan fẹ́ ta èyí tí wọ́n fún Honduras, gíráàmù 1.142, ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Àwọn agbófinró tó díbọ́n bí oníbàárà ló fẹ́ tà á fún. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí Honduras. Lóòótọ́, àwọn òkúta òṣùpá kan wà tó já bọ́ sáyé fúnra wọn, tí wọ́n ń ṣà nínú aṣálẹ̀, èèyàn sì lè tà wọ́n láìrúfin. Ṣùgbọ́n ìwé láàbù ló ń bá irú wọn rìn, kì í ṣe káàdì ìrántí. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ta èyí ní orúkọ òṣùpá, jìbìtì ni wọ́n máa pè é.

Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta ní yunifásítì tó bá súnmọ́ yín. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú wò ó ná. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e láìjẹ́ pé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ọ̀gá Bàbá sẹ́yìn káàdì yẹn, nígbà tí ẹ ṣì rántí rẹ̀.