Ṣé tíì nìkan ni màá máa gbé nílé aṣòfin London?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òṣèlú ni mí ní yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní. Aṣòfin kan ní Westminster ti gbà kí n wá kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì òun fún oṣù mẹ́ta. Bàbá mi ní tíì ni wọ́n á kàn máa rán mi, pé kí n kúkú jókòó ti ìwé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, tí ẹ sì ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lórí rẹ̀ báyìí, kí ni mo máa rí níbẹ̀ tí mi ò ní rí nínú ìwé?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Èmi náà gbé tíì, mo to fáìlì, mo sì mú àlejò rìn yíká ilé náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ ọjọ́ níbẹ̀. Lẹ́tà ni.

Aṣòfin 650 ló wà ní House of Commons, ilé aṣòfin tí àwọn ará ìlú ń dìbò yàn, kálukú ló ní ẹkùn ìdìbò tirẹ̀, àwọn ará ẹkùn náà kì í sì í sinmi ìwé kíkọ. Òrùlé ilé ẹnì kan ń jò. Ẹlòmíì ti ń retí físà ìyàwó rẹ̀ tipẹ́. Òmíràn kàn ń bínú ni. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ ẹ ni pé kí o wo àdírẹ́sì kí o tó ka ẹjọ́, torí àṣà ilé náà ni pé aṣòfin kan kì í dá sí ọ̀ràn ará ẹkùn ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà, wàá wá ohun tí èèyàn náà ń fẹ́ gan-an, wàá sì kọ lẹ́tà tí ọ̀gá máa fọwọ́ sí.

Mi ò jẹ́ gbàgbé obìnrin kan tó kọ ojú ewé méjì lórí pàǹtírí tí wọn ò wá kó. Mo ti kọ èsì tán, mo tiẹ̀ ń yin ara mi, kí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tó ní kí n tún ìlà tó kẹ́yìn kà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ rẹ̀ ló máa ń ti agolo pàǹtírí náà síta tẹ́lẹ̀. Ọkọ ti kú, ìyá náà ò sì lágbára láti tì í. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀ ní ètò pé kí òṣìṣẹ́ wọlé wá gbé e fún ẹni tí kò lè gbé e síta. Ètò yẹn ló nílò, kì í ṣe lẹ́tà ẹ̀sùn tí mo fi ìwọ̀ǹba ìmọ̀ òṣèlú tí mo ní kọ. Mo ya ti èmi dànù, mo sì gbé fóònù.

Wọ́n á tún kọ́ ẹ ní kíkọ̀wé ṣókí. Mo kọ ojú ewé mẹ́rin lórí àbádòfin kan, mo kó ìwádìí House of Commons Library sí i (ọ̀fẹ́ làwọn ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan, bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti ìsinsìnyí). Bí ọ̀gá mi ṣe gbé e báyìí, agogo ìbò dún. Tí agogo yẹn bá ti dún, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni aṣòfin ní kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ibi ìdìbò. Ó ń kà á lọ lórí àtẹ̀gùn, ó ka ìpínrọ̀ kan, ó ṣí i lọ sẹ́yìn, ó ní, “Kí la wá fẹ́ nínú gbogbo èyí?” Mi ò rí nǹkan kan sọ. Láti ọjọ́ náà, ìdáhùn ni mo máa ń fi ṣe ìlà àkọ́kọ́.

Àmọ́ orúkọ ló ni mí lára jù. Ọ̀gá ní kí n máa fi orúkọ pe òun, ahọ́n mi sì wúwo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá yà mí lẹ́nu pé nínú gbọ̀ngàn ìjíròrò, àwọn fúnra wọn kì í dárúkọ ara wọn, abẹnugan ni wọ́n ń kọjú sọ̀rọ̀ sí. Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, tí olóòtú ìjọba bá wá dáhùn ìbéèrè wọn, wọ́n á pariwo mọ́ ọn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí méjì nínú wọn, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n jọ jókòó ní Portcullis House, ilé tí ọ́fíìsì ọ̀pọ̀ aṣòfin wà, tí wọ́n ń ṣètò ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ wọn máa bi mínísítà kan. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lè sọ fún àgbà pé “mi ò fara mọ́ èyí” láìsí pé ohùn mi ń gbọ̀n.

Kí o tó gbà, wo físà rẹ dáadáa. Tó bá jẹ́ èyí tó fún ẹ ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ tí wọn kò sanwó fún náà wà nínú wákàtí yẹn, àyàfi tí ìkọ́ṣẹ́ náà bá jẹ́ ara ẹ̀kọ́ rẹ. Béèrè lọ́wọ́ yunifásítì. Béèrè owó pẹ̀lú, má tijú. Ohun tí o bá sì kà nínú lẹ́tà àwọn èèyàn, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan bàbá rẹ.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tó jẹ́ tíì nìkan, sọ fún olórí ọ́fíìsì pé kí wọ́n fún ẹ ní ẹjọ́ kan ṣoṣo láti tẹ̀ lé dópin. Sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ẹ lọ sí ẹkùn wọn ní ọjọ́ Fráídeè kan, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ aṣòfin máa ń gbàlejò àwọn ará ẹkùn wọn. Ẹni tí o ti ń ka lẹ́tà rẹ̀ yóò jókòó síwájú rẹ, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n. Gbé tíì fún un kí o tó ṣí ìwé rẹ.