Ẹni tí ẹ jọ máa sùn, tí ẹ jọ máa jí: ìdáhùn fún ọmọ tó ń lọ sí míṣọ̀n

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní lẹ́tà ìpè rẹ sí míṣọ̀n, ìyẹn iṣẹ́ ìwàásù ìjọ wa, ti dé, Làìbéríà ni wọ́n rán ọ lọ, inú gbogbo ilé sì ń dùn. Ohun tí o kò lè sọ fún màmá rẹ ni pé ẹ̀rù ń bà ọ́: báwo ni èèyàn ṣe máa bá ẹni tí kò mọ̀ rí gbé inú yàrá kan náà fún ọdún méjì, láìsí ọjọ́ kan tó máa dá wà? O tún béèrè iye bàtà tó yẹ kí o rà. Màá dáhùn méjèèjì.

Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn tọ̀nà. Nígbà tí mò ń lọ ní 2014, ohun tí èmi ń bẹ̀rù ni ilẹ̀kùn tí wọ́n máa tì mọ́ mi lójú, oòrùn, àti èdè tí mi ò gbọ́. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì fara dà á. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sílé ni ẹni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà ní ìkángun kejì yàrá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, tí ẹ sáà máa ń rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n de táì, tí báàjì dúdú wà láyà wọn: Mọ́mọ́nì lẹ máa ń pè wá, àmọ́ Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ni orúkọ wa gan-an, òun náà ni Russell Nelson, tó jẹ́ ààrẹ ìjọ wa nígbà náà, ní kí a tẹnu mọ́ ní 2018. Oṣù 24 ni ọkùnrin fi ń sìn, obìnrin oṣù 18. Láti 2012 ni ọkùnrin ti lè lọ ní ọmọ ọdún 18. Kò sí owó oṣù, owó oúnjẹ àti ọkọ̀ nìkan ló wà. Méjì-méjì la sì ń rìn, bí Jésù ṣe rán àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Máàkù orí kẹfà.

Ọ̀rọ̀ méjì-méjì yìí kì í ṣe eré. Yàtọ̀ sí balùwẹ̀, ibi tí ojú yín ti máa tó ara yín lẹ gbọ́dọ̀ wà. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tiwa, fóònù kékeré kan ṣoṣo ló wà fún ẹni méjì. Ìwọ kọ́ lo máa yan ẹnìkejì rẹ. Ààrẹ míṣọ̀n, ìyẹn ẹni tó ń darí iṣẹ́ ìwàásù ní agbègbè yín, ló ń yàn án, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ló sì ń ṣe tíráńsífà: ó lè pín yín níyà, ó sì lè fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ojúmọ́ kan ṣe ń rí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ lẹ máa jí. Ẹ ó gbàdúrà, ẹ ó ṣe eré ìdárayá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ó wẹ̀, ẹ ó jẹun. Tó bá di aago mẹ́jọ, kálukú á ṣí Bíbélì àti Ìwé ti Mọ́mọ́nì tirẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó jọ kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Tí ẹ bá ti jáde, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ẹ tó wọlé wá ṣètò ọjọ́ kejì. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, ẹ pa iná. Ọjọ́ Ajé lẹ ń fọṣọ, tí ẹ ń lọ sọ́jà, tí ẹ ń kọ ìmeèlì sílé, títí ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ tún máa bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, wákàtí tí ẹ máa fi wàásù gan-an kò tó nǹkan. Ìrìn ló pọ̀. Dídúró de ẹni tó ní kí ẹ wá, tí ẹ dé tí ẹ ò bá a nílé, ló pọ̀. Ẹni méjì lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, lọ́sàn-án gangan, kò sì sí ẹlòmíì tí o lè bá sọ̀rọ̀.

Kumasi ní Gánà ni wọ́n rán mi lọ. Ọmọ Utah ní Amẹ́ríkà ni ẹnìkejì mi àkọ́kọ́, kò sì fọwọ́ fọṣọ rí láyé rẹ̀. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọṣẹ pa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, tí a ó ká a sẹ́yìn ọwọ́ kan, tí a ó sì fi ọwọ́ kejì ha á títí ìlà ìdọ̀tí yẹn á fi parẹ́. Òun náà kọ́ mi pé kí a tó kúrò ní ojúlé ẹnikẹ́ni, kí a ti kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, àti ohun tó ń dùn ún lọ́kàn sínú ìwé kékeré. A ò jà rí. Ìyẹn ló tàn mí jẹ, mo rò pé mo ti mọ bí a ṣe ń bá èèyàn gbé.

Ọmọ Zimbabwe ló tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún 19 ni, èmi jẹ́ 22, torí mo ti ṣe OND kí n tó lọ. Òun ló ti pẹ́ jù ní míṣọ̀n, nítorí náà òun ni wọ́n fi ṣe aṣáájú. Elder ni gbogbo wa ń jẹ́ níbẹ̀, ìyẹn Alàgbà lédè wa, àti ọmọ ọdún 18 pàápàá. Mo ti gba ìyẹn mọ́ra. Ohun tí mi ò múra sílẹ̀ fún ni àárọ̀.

O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ máa ń jí kí ẹni tó jù ú lọ, ó kéré tán á tẹrí ba. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin yìí dúró gbọin, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi mí bí mo ṣe sùn, bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní "Fine", mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo wọ balùwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó jí, ó kọjá lára mi, ó lọ. Àyà mi gbóná. Mo ní: ó dáa, kò sí ìkíni mọ́ rárá.

Mo dákẹ́, ó dákẹ́. Ọjọ́ kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan la ń bá ara wa sọ. Ọdún 2015 nìyẹn, nígbà tí iná ọba kò dúró ní Gánà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní dumsor: ó kú, ó tàn. Sítóòfù gáàsì wa ní ojú méjì. Kálukú gbé ìkòkò kékeré tirẹ̀ kaná, kálukú se ìrẹsì ife kan tirẹ̀, kálukú ṣí sàdíìnì tirẹ̀. Àmọ́ àbẹ́là kan ṣoṣo ló wà nílé, nítorí náà a ní láti jókòó sídìí tábìlì kan náà ká tó lè ríran jẹun. Mo ń wò ó bó ṣe ń yọ egungun sàdíìnì sí ẹ̀gbẹ́ àwo, díẹ̀díẹ̀, kò gbójú sókè. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn àbẹ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ìdí tábìlì yẹn ni ọkàn mi ń lọ.

Èyí tó burú jù ni pé a jọ ń gbàdúrà lálaalẹ́. Mo máa ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí mò ń bínú sí, ẹnu mi á ní "Bàbá wa ọ̀run", ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí ààrẹ míṣọ̀n pé kó gbé mi kúrò. Ó kù kí n fi ránṣẹ́.

Ní àdúgbò Asawase, a máa ń bẹ ìyá àgbà Yorùbá kan wò. Ogbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ṣòwò, Kumasi ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, gbogbo wọn kó padà sílé. Òun tún padà wá nígbà tó lọ́kọ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló máa ń jókòó sí láàárín àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń ta ọṣẹ, òwú àti abẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá rí mi, torí Twi, èdè àwọn ará Kumasi, ni àwọn ọmọ-ọmọ yẹn ń fọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹnìkejì mi ń ka ẹsẹ ìwé mímọ́ fún un ní gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kò wo ibi tó wà. Èmi ló ń wò.

"Ọmọ mi, kí ló wà láàárín ìwọ àti ọmọ yìí?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Má parọ́ fún mi. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, bẹ́ǹṣì kan náà lẹ jọ jókòó lé. Lónìí, o gbé àpótí tìrẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ẹ gbé wá, mò ń gbọ́ ọ. Ẹ lọ parí ìjà yín ná, kí ẹ tó padà wá sọ ìyókù."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Ẹnìkejì mi dúró, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ẹsẹ tó ń kà.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, ó bi mí pé, "Kí ni ìyá sọ?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, mo lè fi nǹkan mìíràn dá a lóhùn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe sọ ọ́.

Trotro méjì, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò wọn, kọjá, a ò wọ̀ ọ́. Ó wá sọ pé, "Ìwọ lo ò fẹ́ kí n bá ẹ sọ̀rọ̀." Ó ní nílé àwọn, láàárín àwọn Shona, tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹnì kan á béèrè pé "Marara here?", ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹnìkejì á dáhùn pé "Ndarara kana mararawo": mo sùn dáadáa, bí ẹ̀yin náà bá sùn dáadáa. O ò lè sọ pé o sùn kí o má bi ẹlòmíì nípa oorun tirẹ̀. Ó ní àárọ̀ mẹ́ta lóun fi bi mí, mo ní "Fine", mo kọjá lọ, mi ò bi òun padà rí. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi ni pé bó sùn, bí kò sùn, kò kàn mí.

Ó tún sọ ohun kan tó dá mi dúró. "Ma" tó wà nínú "marara" yẹn, ti ọ̀wọ̀ ni, bí "ẹ" tiwa gan-an. Ó mọ̀ pé mo ju òun lọ. Lọ́kàn rẹ̀, ọ̀wọ̀ ló fi ń kí mi. Gẹ̀ẹ́sì ló bọ́ ọ̀wọ̀ náà sílẹ̀ kó tó dé etí mi, gẹ̀ẹ́sì kan náà ló sì sọ "Fine" tèmi di ilẹ̀kùn tí mo tì mọ́ ọn lójú. Ẹni tí mò ń bínú sí pé kò kí mi ló kọ́kọ́ kí mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ lójú títì níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀", àmì ohùn rẹ̀ kò tọ̀nà rárá. Èmi náà fi Shona tí kò tọ̀nà dá a lóhùn. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn fún oṣù mẹ́ta tí a tún fi wà pọ̀. Mo pa lẹ́tà yẹn rẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a padà sọ́dọ̀ ìyá, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí ọmọ gbé omi wá. Kò ṣe ìrìbọmi títí mo fi kúrò ní Kumasi. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un.

Nítorí náà, gbọ́. Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ètò wà pé kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ẹ sọ ohun tó dáa àti ohun tó ń dun kálukú nínú bí ẹ ṣe ń gbé. Àwa ti fo tiwa kọjá, a ní iṣẹ́ pọ̀. Má fò ó. Ohun kékeré ni kí o máa sọ níbẹ̀ nígbà tó ṣì kéré: àwo tí wọn ò fọ̀, iyọ̀ inú ọbẹ̀, ìkíni. Àmọ́ bí ẹnìkejì rẹ bá gbé ọwọ́ sí ọ, tàbí tó ń yọ́ jáde lóru, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjókòó ọ̀sẹ̀. Pe ààrẹ míṣọ̀n lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òfófó.

Nígbà tó kù oṣù díẹ̀ kí n parí, wọ́n fún mi ní ọmọ tuntun kan láti Akwa Ibom pé kí n kọ́ níṣẹ́. Ó máa ń sunkún sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la ń gbóhùn àwọn ará ilé, ní Kérésìmesì àti Ọjọ́ Ìyá. Mi ò sọ fún un pé kó ṣe ọkàn akin. Mo kàn ń bi í bó ṣe sùn, mo sì ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Tìyín rọrùn sí i, torí láti oṣù kejì 2019 ni wọ́n ti gbà kí ẹ máa pe ilé lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má ro ẹjọ́ ẹnìkejì rẹ fún màmá rẹ lórí fóònù. Ìwọ á ti gbàgbé kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá rẹ á ṣì máa bá a jà lọ́kàn fún oṣù mẹ́fà.

Ti bàtà: méjì, dúdú, tí rọ́bà ìsàlẹ̀ wọn nípọn. Òjò Monrovia ju ti Ìbàdàn lọ fíìfíì, nítorí náà ọ̀kan á máa gbẹ nígbà tí o bá wọ èkejì. Má ra ẹ̀kẹta, o máa rí ṣọbàtà-ṣọbàtà níbẹ̀.

Nígbà tí o bá sì dé ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ọ sí, kí o tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, bi ẹnìkejì rẹ léèrè bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀ nílé bàbá rẹ̀.