Ṣé torí pé Àrẹ̀mọ kọ̀ láti kú ni Ìjàyè ṣe tú?

Ẹnìkan béèrè bóyá òótọ́ ni pé ohun tó fa ogun Ìjàyè ni pé ọmọ Aláàfin kọ̀ láti bá bàbá rẹ̀ kú. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìdí.

Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin kì í ṣàdédé jáde láàfin. Àrẹ̀mọ, àkọ́bí rẹ̀, ni ojú àti ọwọ́ rẹ̀ nígboro, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn ará ìlú ń bẹ̀rù rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọba bá wàjà, Àrẹ̀mọ á bá a lọ. Àwọn tó ń pè é ní ìwà ìkà lásán kò wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó mọ̀ pé ikú bàbá òun ni ikú òun kò ní gbìmọ̀ láti pa á. Àṣà náà sì fi yíyan ọba sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè afọbajẹ.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1835 sí 1837, Aláàfin Àtìbà tẹ ìlú tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, ìyẹn Ọ̀yọ́ tòní. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Kó tó wàjà ní 1859, ó ti bá àwọn Ìbàdàn sọ ọ́ pé Adélù, Àrẹ̀mọ òun, ni kí wọ́n fi jẹ. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀: kò ní tẹríba fún Àrẹ̀mọ tó yẹ kó ti kú.

Ní tèmi, Kúrunmí ló ní àṣà lọ́wọ́. Síbẹ̀ kì í ṣe àṣà nìkan ló ń jà fún. Òun àti Ìbàdàn ti ń figagbága tipẹ́, òun àti Ọ̀yọ́ sì ń du àwọn ìlú òkè Ògùn. Nígbà tí obìnrin olówó kan kú ní Ìjánà láìní àrólé, tí Adélù ní ogún náà tọ́ sí ọba, Kúrunmí ní tòun ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ìbọn.

Ìbàdàn gbógun lọ ní 1860, Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá ló ṣáájú. Ẹ̀gbá wá gbèjà Ìjàyè, àmọ́ ebi ló pa ìlú náà ju ìbọn lọ. Àwọn òbí ń fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà nítorí oúnjẹ. Ọmọ Kúrunmí márùn-ún ló kú nínú ogun náà, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1861. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1862, Ìjàyè tú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè sá lọ sí Abẹ́òkúta, àdúgbò Ìjàyè ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Adélù jọba títí di 1875. Lẹ́yìn rẹ̀, Adéyẹmí, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n fi jẹ. Wọn kò fi ọmọ rẹ̀ jẹ.