Ẹ Bi Bọ̀dá Ẹ́dítọ̀: Ṣé àfi kí n kó lọ Èkó kí n tó lè gé fíìmù ni?

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, mẹ́rin ni mo mú. Ẹ̀yin tó kù ẹ má bínú, àwọn kan nínú yín owó lẹ fẹ́ yá lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ìbéèrè.

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsánlú ni mo wà, mo jẹ́ ọmọ ọdún 23. Fóònù ni mo fi ń gé fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú, áàpù CapCut ni mò ń lò, wọ́n sì ń pè mí dáadáa. Àmọ́ fíìmù gangan ló wù mí. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní àfi kí n kó lọ Èkó, mi ò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Àbúrò, jókòó ná. Èmi náà gbé Èkó fọ́dún méje kí n tó padà sí Kàbà, ohun tí mo sì rí ni pé ẹni tó ń gé fíìmù kì í rí Èkó kankan, yàrá kan ló ń rí, kọ̀ǹpútà kan, àti ẹnìkan tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ pé "gé e níbẹ̀ yẹn, rárá o, dá a padà". Yàrá yẹn wà ní Ìsánlú náà. Ohun tí Èkó ní tí àwa ò ní ni àwọn èèyàn tó ń gbéṣẹ́ fún ara wọn, òun ló yẹ kó o máa wá, o sì lè wá a láti ibi tó o wà.

Má sì fojú kéré ìsìnkú yẹn o. Fídíò wákàtí mẹ́jọ, kámẹ́rà méjì tí saùndì wọn ò bára mu, kò sì sẹ́ni tó máa bá ẹ sin bàbá náà lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé o pàdánù ibì kan. O máa gé e di wákàtí kan, àwọn tó máa wò ó sì mọ gbogbo bó ṣe lọ jù ẹ́ lọ. Ìyá àgbà kan ní apá Gbẹ̀dẹ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo gé orin àwọn obìnrin sí méjì nínú fídíò ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo rò pé ó ti gùn jù, màmá wò ó tán ló bi mí pé níbo ni ibi tí wọ́n ti ki ìyá àwọn wà? Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé oríkì ni wọ́n ń kì níbẹ̀, aago ni mò ń wò. Láti ọjọ́ yẹn, orin tí mi ò bá gbọ́ èdè inú rẹ̀ yé, mi ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá pe ẹni tó gbọ́ ọ.

Ó wá ku irinṣẹ́. Kúrò lórí fóònù nígbà tápá ẹ bá ká a, wá lápútọ́ọ̀pù tó ní RAM 16GB, tokunbọ̀ náà dáa. DaVinci Resolve, ètò tí wọ́n fi ń gé fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, wà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn sì tó fún ohun tó o fẹ́ ṣe. Kọ́ proxy, ìyẹn ẹ̀dà fúyẹ́ tá a fi ń gé fíìmù, kó o tó kọ́ ohunkóhun míì, mo bẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà tó ń kọ 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa fún ẹ ní 45GB ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá ya wákàtí 15, ó ti di 675GB nìyẹn. Proxy ni pé kó o ṣe ẹ̀dà kékeré, bíi 10 megabit, gbogbo ẹ̀ ò ní tó 70GB, lápútọ́ọ̀pù ẹ ò sì ní máa pariwo bíi jẹnẹrétọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é láti Kàbà nìyí: prodúsà á fi háàdì (hard drive) tí proxy wà nínú ẹ̀ rán dírẹ́fà ní gáréèjì, màá gé e tán, fáìlì project nìkan, èyí tó kọ gbogbo ibi tí mo gé sílẹ̀, ni màá fi ránṣẹ́ padà, dátà tí ò tó nǹkan ló ń jẹ, wọ́n á sì so ó mọ́ ojúlówó àwòrán tó wà lọ́dọ̀ wọn l'Ékòó. Ojúlówó yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú háàdì méjì, nílé méjì. Háàdì méjì lórí tábìlì kan náà, olè kan ṣoṣo ló máa kó méjèèjì.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Wá dairẹ́kítọ̀ tó jẹ́ ọmọdé bíi tìẹ, tó ń ya fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kó o sì rí i pé orúkọ ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan o. Tó bá tún padà wá, kó mówó wá.

Ẹ̀gbọ́n, mo gé fíìmù fún prodúsà kan, ó san ìdajì, ó ní òun á san tó kù tóun bá tà á. Oṣù mẹ́jọ rèé. Fíìmù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè gbé e sórí YouTube kí n fi gbowó mi? Láti Ìyàrà.

Rárá o! Má dán an wò. Òfin Copyright ti ọdún 2022 ní ẹni tó ṣètò bí fíìmù ṣe máa di ṣíṣe ló ni ín, àyàfi tí ìwé àdéhùn yín bá sọ nǹkan míì. Gbèsè lò ń bèèrè, fíìmù ò di tìẹ. Àti pé ẹ rántí Baba Sálà, sinimá tó ṣe ní 1982, tí àwọn ọlọ́ṣà dà sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí gbèsè sì kù sí bàbá lọ́rùn. Ohun tó o fẹ́ ṣe fún prodúsà yẹn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ ẹ́ lówó.

Kọ lẹ́tà sí i, kọ iye owó àti ọjọ́ tẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀, pe ẹnìkan tó bọ̀wọ̀ fún dá sí i. Wọ́n ti jẹ èmi náà bẹ́ẹ̀ rí, mi ò ní dárúkọ ẹni náà, owó yẹn ò tíì wá dòní. Látìgbà yẹn, ìdajì kí n tó ṣí háàdì, díẹ̀ sí i tí wọ́n bá wo rough cut, ìyẹn fíìmù tá a gé ní àkọ́kọ́ tí ò tíì dán, ìyókù kí n tó yọ orúkọ mi gàdàgbà tó wà láàrin àwòrán kúrò. Mo sì ń kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá tún un ṣe, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lówó lọ́tọ̀. Àtúnṣe tí ò lópin ló ń pa ẹ́dítọ̀, kì í ṣe àìsùn.

Bọ̀dá, ọkọ mi tó ń gé fídíò ní òun ti di prodúsà báyìí, ó fẹ́ ta ọ̀kadà rẹ̀. Kí ni prodúsà ń ṣe gan-an? Ìyàwó ẹ́dítọ̀, láti Mọ̀pà.

Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà yẹn pamọ́ ná. "Olóòtú" tí à ń lò fún oníwèé ìròyìn, fún ẹni tó ń darí ètò rédíò, fún prodúsà náà, òun ló ń da gbogbo wa láàmú. Prodúsà ló ń wá owó, ló ń kọ àdéhùn, ló ń bọ́ àwọn òṣèré, òun náà ló ń wá ẹni tó máa rà á. Ẹ́dítọ̀ lè di prodúsà dáadáa o, torí orí tábìlì la ti ń rí ibi tówó ti ṣòfò, ìran tí wọ́n fi odidi ọjọ́ kan yà tá a wá jù nù. Àmọ́ ẹ bi í pé èló ló yà sọ́tọ̀ fún saùndì, fún kọ́lọ̀ (títún àwọ̀ àwòrán ṣe), fún pósítà lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán. Tó bá ní ìyẹn ò le, ọ̀kadà ò gbọdọ̀ kúrò nílé.

A fẹ́ ṣe fíìmù ní Yàgbà pọ́ńbélé, wọ́n ní kò ní tà, ká ṣe é ní Yorùbá ti Ọ̀yọ́. Kí lẹ rí sí i? Láti Ẹ̀gbẹ̀.

Ẹ ṣe é ní Yàgbà. Ṣèbí Òkè Ọya ni wọ́n máa ń rò pé a ti wá tẹ́lẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ohùn wa. Kò sí ẹni tó ń béèrè èdè lọ́wọ́ àwọn fíìmù Kòríà tí àwọn ọmọ wa ń wò lóru, ìkọ̀wé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kà. Àmọ́ ẹ má fi ìkọ̀wé yẹn sílẹ̀ fún ẹ́dítọ̀ tí ò gbọ́ Yàgbà. Ìlà méjì ni kó pọ̀ jù lójú ẹ̀ẹ̀kan, kí ìlà kan má ju lẹ́tà 42 lọ, kó sì pẹ́ tó fún màmá tó ń fi ojú kan kà á. Kẹ́ ẹ tó gbé e fún aráyé wò, ẹ gbé e lọ fún NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, kí wọ́n fún un ní ìpele ọjọ́ orí, láti 1993 ni òfin wọn ti wà. Tí eégún bá wà nínú ẹ̀, àwọn àgbà ìlú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ má dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá ti gbé kámẹ́rà.

Tó bá sì ti di rough cut, ẹ fi hàn mí, inú mi á dùn. Ẹ fi háàdì rán dírẹ́fà o, ẹ má fi sórí WhatsApp, gbogbo àwòrán ló ń sọ di ọbẹ̀.