Ohun tó wuni, ohun tó dára: kí ni òwe ológún ẹrú ń sọ gan-an?

Ìbéèrè yín ni pé: bí àwọn àgbà bá ní "Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan," ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń sọ pé kò sí iṣẹ́ ọnà tó dára ju òmíràn lọ, pé kálukú àti ohun tójú rẹ̀ fẹ́ ni?

Rárá o, òwe yẹn ò débẹ̀. Ọkùnrin inú rẹ̀ kó ogún ẹrú jọ, aṣọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀. A mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. A ò mọ̀ bóyá aṣọ ọ̀hún dára. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ná: "Ó wù mí," èmi wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá yọ mí kúrò, ọ̀rọ̀ ò délẹ̀ mọ́. "Ó dára," kò sí mi níbẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ní "Ó dára o, àmọ́ kò wù mí," tí ẹnikẹ́ni ò ní rẹ́rìn-ín.

Àwa ará Ìjẹ̀bú, ìdí aṣọ olónà, aṣọ òfì tí wọ́n hun ọnà sí lára, la ti kọ́ ọ. Mo ra ọ̀kan nígbà kan, pupa rẹ̀ ló fà mí, mo gbé e lọ fún ìyá bàbá mi n'Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n fi aṣọ híhun jẹun títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú wọn. Wọn ò wo ojú aṣọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n yí sókè, wọ́n ń fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti so òwú. Wọ́n wá tọ ojú rírán tó so awẹ́ méjì pọ̀: ọnà ọ̀nì tí wọ́n hun sí i, ìdajì tó wà lápá ọ̀tún fi bí ìka kan ga ju ìdajì rẹ̀ tó wà lápá òsì lọ. Wọ́n fa ṣàkì rẹ̀, òwú gígùn tó rọ̀ sílẹ̀ bí irun. Méjì bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

"Ẹni tó hun ún ń kánjú."

Mo ní, "Ìyá, àmọ́ ó wù mí."

"Ó lè wù ẹ́. Ta ló bá ẹ jiyàn?"

Irú ojú bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ojú amẹwà, ojú ẹni tó mọ ẹwà. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọnà, Robert Farris Thompson, pàtẹ ère síta kiri ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó ń bi àwọn aráàlú pé èwo ló dára jù, kí ló dé. Àbájáde rẹ̀ dé inú ìwé ní 1973. Kò sẹ́ni tó fi "ó ṣáà wù mí" dá a lóhùn kó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí wọ́n ní àwọn ń wá lára ère nìyí: kó gún, kó dán, kí ẹ̀yà ara fara hàn. Kó jọ èèyàn, kó má sì jọ ọ́ jù.

"Má jọ ọ́ jù" yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, jíjọra gan-an ló sì ń lé. Ní 1920 ó lọ sí London lọ kọ́ iṣẹ́ náà sí i. Nígbà tí Òyìnbó olùkọ́ ọnà, Kenneth Murray, dé ní 1927, ọnà ìbílẹ̀ ni tirẹ̀ ń gbé lárugẹ. Ọmọ Ìjẹ̀bú wà lẹ́yìn ìlànà Òyìnbó, Òyìnbó wà lẹ́yìn ti ìbílẹ̀! Àwọn méjèèjì sì mọ iṣẹ́. Lójú tèmi, ìríran wọn kọ́ ló yàtọ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣe ni.

Ẹ tún fi "ìwà lẹwà" kún un. Ọ̀pọ̀ rò pé ọmọlúàbí nìkan ló ń bá wí, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiọ́dún, onímọ̀ nípa ọnà Yorùbá, ti ṣàlàyé pé nǹkan náà ní ìwà tirẹ̀: kó jẹ́ ohun tó yẹ kó jẹ́. Ìtàgbé, aṣọ tí àgbà Òṣùgbó (ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ògbóni níbòmíràn) ń fà lé èjìká, bí ẹ bá sọ ọ́ di aṣọ ìnulẹ̀, ìwà rẹ̀ ti lọ, bó ti wù kí ọnà rẹ̀ gún tó.

Ìyá náà béèrè, lẹ́yìn tí wọ́n ka àbùkù aṣọ mi tán: "Kí lo fẹ́ fi ṣe gan-an?" Mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ sára ògiri ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ká a padà fún mi. Wọ́n ní ògiri ò ní ṣàkì í fà, kí n máa gbé e lọ.