Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí ló dé tí fífì sọ́tùn-ún sósì fi ń rẹ awakọ̀ tírákítọ̀ ju fífò sókè lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Tírákítọ̀ ni mo fi ń tú ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ṣakí. Lójú títì, mò ń fò lórí àga, ṣùgbọ́n ó ṣe é fara dà. Nínú oko, tí táyà kan bá wà nínú poro, tí èkejì wà lórí ilẹ̀ tí n kò tíì tú, ńṣe ni ọkọ̀ á máa fì mí sọ́tùn-ún sósì. Kó tó di ọ̀sán, ìbàdí àti ọrùn á ti máa ro mí. Ọ̀gá mi ra fóòmù tó nípọn sórí àga, síbẹ̀ ńṣe ló ń le sí i. Ṣé ara mi ni kò le ni? — Awakọ̀ tírákítọ̀, Ṣakí.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Kì í ṣe ara yín ló ní àléébù. Ibi tí mímì bá gbà wọ ara ṣe pàtàkì, ìdí sì nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń wọ̀n ọ́n lọ́nà mẹ́ta lórí àga: láti òkè sílẹ̀, láti iwájú sẹ́yìn, àti láti ọ̀tún sósì.

Bí àga bá ń ta yín sókè, eegun ẹ̀yìn àti ti ìdí ló ń gbé yín dúró. Èyí máa ń ni ara lára jù nígbà tí mímì náà bá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí pé nígbà náà ni àyà àti ikùn lè máa mì ju àga fúnra rẹ̀ lọ. Ti ẹ̀gbẹ́ yàtọ̀. Iṣan ìbàdí àti ti ọrùn ló ń fà yín padà sáàárín ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fì. Bí ó bá yára, ìdí ni àga ń gbé lọ gbé bọ̀, orí àti èjìká kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọra, bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, odindi ara òkè ló ń bá a lọ, irú èyí gan-an ni oko sì máa ń mú wá. Ìlànà àgbáyé ISO 2631-1 ti ọdún 1997 kò fojú kékeré wò ó: bí wọ́n bá ń wo ewu fún ìlera ẹni tó jókòó, 1.4 ni wọ́n fi ń sọ iye mímì ẹ̀gbẹ́ àti ti iwájú-sẹ́yìn di púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ti òkè-sílẹ̀ bá ṣe wà ni wọ́n ń lò ó, wọn kì í sọ ọ́ di púpọ̀.

Ní ti fóòmù, owó ọ̀gá yín ló ṣe mí láàánú. Àga fóòmù sábà máa ń fò ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi tí ara kò ti lè gba mímì òkè-sílẹ̀ mọ́ra gan-an nìyẹn, nítorí náà ó lè fi kún un dípò kó dín in kù. Kò lè dá ti ẹ̀gbẹ́ dúró. Ó tún gbé yín ga, bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá ṣe jókòó ga tó lórí ọkọ̀ tó ń fì ni yóò ṣe máa fì jìnnà tó. Ẹni tó tà á kò ní sọ èyí.

Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ kí ó wá àga tó ní ibi ìgbápálé lọ́tùn-ún lósì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba ìbàdí mú. Bí ó bá ní sípíríìngì, ẹ yí i sí ìwọ̀n ara yín. Ẹ dín eré kù nínú oko, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀. Bí ìrora bá ń wọ itan lọ, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún un.