Àyà Ìyá Wa Ń Já

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 71. Ìkòkò ni wọ́n ń mọ ní Dada, Òkèlele, níbí ní Ìlọrin. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú lọ́dún tó kọjá ni àyà wọn ti ń já. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, wọ́n á pè mí tó ìgbà mẹ́wàá. Wọ́n ní nǹkan ń rìn lórí àwọn. Aago mẹ́ta òru ni oorun ń dá lójú wọn, wọ́n á sì jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Amọ̀ tí wọ́n fi àpò tútù bò ti gbẹ, wọn ò béèrè rẹ̀. A yẹ ọkàn wọn wò, dókítà ní kò sí nǹkan. Oníkẹ́mísì kan ń fún wọn ní Valium, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, láti bí oṣù mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ní àgbà ló dé. Kí ni ká ṣe?
Ọmọ Amọ̀kòkò, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ amọ̀ tí o sọ gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá yẹn ni mo dì mú. Obìnrin tó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré, tí amọ̀ rẹ̀ wá gbẹ tí kò béèrè? Àìsàn méjì ló wọlé tì yín. Àyà tó ń já ni àníyàn. Òun ló ń pariwo, òun lẹ gbọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dákẹ́ sínú iyàrá ní tiẹ̀. Lára àgbà, àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀, ìtọ́jú wọn a sì máa gba sùúrù ju ti ẹyọ kan lọ. Àwọn ìyá wa kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn lórí, ni wọ́n máa ń sọ; àwọn mìíràn ń pè é ní ọdẹ orí. Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé èmi náà ti pé 68, mo ṣì ń sùn di ìrun àsùbáà.

Valium yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kì í tètè jáde lára àgbà. Ti àná ṣì wà níbẹ̀ kí ti òní tó wọlé. Ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹ̀, kí iyè máa fò. Ìyá tèmi ṣubú lóru lójú ọ̀nà balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. Èmi nọ́ọ̀sì yìí ni mo ń ra oògùn náà fún wọn. Síbẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn lójijì, ara wọn ti mọ̀ ọ́n, gìrì lè mú wọn. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ gbé wọn lọ sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òṣè. Kó gbogbo oògùn wọn dání, títí kan àgbo. Ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àti táírọ́ìdì ọrùn, nítorí tó bá ń ṣiṣẹ́ jù, àyà á máa já. Kí o sì ka iye obì tí wọ́n ń jẹ. Má rẹ́rìn-ín: èròjà inú kọfí tó ń lé oorun ló wà nínú obì.

Bí wọ́n bá kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń tọ́jú àníyàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Panadol o. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó hàn, ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sì lè mú àyà já sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dà á nù.

Bi wọ́n, ìwọ nìkan pẹ̀lú wọn: “Ìyá, ṣé ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ kú?” Ìbéèrè yẹn kò ní fi ikú sí wọn lọ́kàn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbéra, kí ọ̀tapíàpíà àti oògùn kúrò nítòsí wọn.

Ní ti fóònù, ìwọ ni kí o máa pè, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Má yẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, gún amọ̀ gbígbẹ yẹn, kí o rẹ ẹ́ sómi, yóò tún rọ̀. Má sọ̀rọ̀ àmù ńlá. Sọ pé ìṣaasùn kékeré kan ni ìyàwó rẹ fẹ́. Jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi fọwọ́ kàn án, bí kò tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí wọ́n bá bú ẹ pé o ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ amọ̀, tètè kọ̀wé sí mi.